Ìlù Kúbà nínú àpàlà Ìjẹ̀bú-Igbó

Bí wọ́n bá fi àwo Haruna Ishola, olórin àpàlà ará Ìjẹ̀bú-Igbó, sí i níbi ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àgbà á ní orin ìbílẹ̀ pọ́ńbélé nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí ohun tó ń dún lábẹ́ gángan: àkúbà ni, ìlù tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, tí àwọn onílù wa wo kọ́ńgà àwọn ará Kúbà ṣe.

Àwo ló gbé e dé. Ní 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin Kúbà tẹ̀ sórí àwo tí wọ́n kọ GV sí lára, tí wọ́n ń tà á káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. El Manisero ló ṣíwájú, orin nípa ẹlẹ́pà tó ń polówó ọjà.

Orin Kúbà kò ṣàjèjì létí wa, ó sì nídìí. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó lẹ́rú gba ọ̀sà Èkó lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ó yẹ ká máa sọ ọ́ síta. Àwọn Lùkùmí, ìran wọn ní Kúbà, ṣì ń lu bàtá fún Ṣàngó dòní. Ní ti kọ́ńgà, ọ̀dọ̀ àwọn ará Kóńgò tí wọ́n jọ ṣẹrú nínú oko ìrèké ló ti ṣẹ̀ jù. Ẹni tó bá ní Yorùbá nìkan ló ni orin Kúbà ń rẹ́ wọn jẹ.

Wo agídìgbo inú àpàlà náà, tí à ń lù bí òwe. Àpótí pákó ni, wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lójú. Onílù á gbé e sẹ́sẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò ta irin, á sì máa fi òrùka ọwọ́ kan ara àpótí. Kúbà ní irú rẹ̀, marímbula. Jàmáíkà náà ní in. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí.

Haruna kò gbé gìtá wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àkúbà tó gbà wọlé, abẹ́ òwe àti oríkì ló fi sí, gángan ló sì ń darí rẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun àlejò di tẹni nìyẹn. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo, olórin jùjú, dá ilé-iṣẹ́ àwo Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwo rẹ̀, Oroki Social Club, jáde ní 1971, ó sì tà gan-an. Lẹ́yìn tí Haruna kú ní 1983, Musiliu ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, Ṣóyòyò tó kọ sì mú kí àwọn ọ̀dọ́ tún máa jó àpàlà.