Síkéèlì wo ló ṣeé gbé lọ sí Òṣùpá?

Síkéèlì tí àwọn alápatà ń fi ẹran kọ́, sípíríìngì ló wà nínú rẹ̀. Ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, àwo méjì ló ní: wúrà á wà nínú ọ̀kan, irin ìwọ̀n á wà nínú èkejì, títí méjèèjì á fi dọ́gba. Láyé níbí, ohun kan náà ni síkéèlì méjèèjì ń sọ. Ìgbà tí a bá gbé wọn dé Òṣùpá ni ọ̀rọ̀ wọn á yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú ti alápatà wò. Orí sípíríìngì náà ni wọ́n so mọ́ irin òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló mú ìkọ́ ẹran dání. Bí a bá gbé ẹran kọ́, òòfà ayé á fa ẹran náà wálẹ̀, sípíríìngì á sì máa nà. Bó ṣe ń nà sí i náà ló ń fi agbára fa ẹran padà sókè sí i, títí agbára méjèèjì á fi dọ́gba. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ojú síkéèlì á dúró sí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1678: bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, nínà sípíríìngì náà á di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, bí òòfà ṣe ń fa ẹran sí ni síkéèlì yìí ń wọ̀n. Ẹni tó ṣe é ló ti gbà pé òòfà ayé ni a ó máa lò, tó fi kọ kílò sójú rẹ̀. Ẹ gbé àpò ìrẹsì kílò 50 kọ́ ọ lórí Òṣùpá, níbi tí òòfà ti jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé, kílò 8 àti díẹ̀ ni ẹ ó rí. Ní Máàsì, nǹkan bí 19 ni. Júpítà kò ní ilẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀, ṣùgbọ́n lókè ìkùukùu rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á kọjá 120. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì yẹn kò fi hóró kan dín, kò fi hóró kan lé. Iye èèyàn tó lè bọ́ láyé náà ló máa bọ́ níbẹ̀.

Síkéèlì alágbẹ̀dẹ wúrà kò lè ṣèèṣì báyìí. Bí òòfà bá dín lápá ọ̀tún, ó ti dín lápá òsì náà. Kílò 50 ni ó máa sọ ní gbogbo ibi tí a ti dárúkọ yìí.

Ayé pàápàá kò fa nǹkan bákan náà níbi gbogbo. Lọ́dún 1672, Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Faransé, lo agogo tó ní irin tó ń fì síwá-sẹ́yìn ní Cayenne, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Agogo tí ì bá rìn déédéé ní Paris ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́, torí òòfà ibẹ̀ kéré díẹ̀.

Ibì kan wà tí síkéèlì méjèèjì ti kùnà: inú ọkọ̀ tó ń yí ayé po. Òòfà ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọkọ̀, èèyàn àti síkéèlì jọ ń já bọ̀ yí ayé ká ni, kò sí èyí tó ń tẹ èkejì. Fún ọkọ̀ Skylab ní 1973, William Thornton ṣe àga onísípíríìngì. Wọ́n á de èèyàn mọ́ ọn, wọ́n á fà á, wọ́n á jọ̀ọ́ rẹ̀ kó máa fì. Bí ara èèyàn bá ṣe tóbi tó ni àga náà á ṣe falẹ̀ tó. Àkókò tí fífì rẹ̀ gbà ni wọ́n fi ń ṣírò kílò rẹ̀, òòfà kò sì sí nínú ìṣirò náà rárá.