Omi Ẹ̀rọ Ẹdẹ: Láti Odò Erinlẹ̀ Dé Inú Ife

Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pín fún àwọn ará Ẹdẹ kì í ṣe omi odò Ọ̀ṣun, bí odò náà tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn kọjá. Inú odò Erinlẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, èyí tí ó ti apá àríwá ṣàn wá, tí ó gba ẹ̀bá Ìlobùú kọjá kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Ní ọdún 1954, nígbà tí Ẹdẹ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sé odò yìí láti fi dá iléeṣẹ́ omi sílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n wá ṣe ìsédò mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, kí omi lè tó fún Òṣogbo, Ẹdẹ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká.

Ìyàtọ̀ odò méjèèjì ṣe pàtàkì, nítorí pé ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa rúsúrúsú, débi pé ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ohun tí ń bani lẹ́rù nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni òjé, àti mákúrì tí àwọn awakùsà fi ń kó góòlù jọ. Wọn kì í ṣe kòkòrò, nítorí náà iná kò lè pa wọ́n, ẹni tí ó bá se omi bẹ́ẹ̀ kàn ń mú kí omi fà ni, oró inú rẹ̀ kò ní dín.

Ní iléeṣẹ́ omi, álọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sínú omi tí wọ́n fà, kí ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lè so mọ́ ara wọn, kí wọ́n wúwo, kí wọ́n sì rò sísàlẹ̀. Omi òkè á wá gba inú iyanrìn kọjá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kílórínì sí i, ìyẹn kẹ́míkà tí ń pa kòkòrò àìfojúrí. Díẹ̀ nínú kílórínì yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù títí omi yóò fi dé ẹnu ẹ̀rọ, nítorí pé òun ni ẹ̀ṣọ́ tí ń bá omi rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kí ó dín sí 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan níbi tí wọ́n ti ń gbọ́n ọn. Òórùn kílórínì fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn kan máa ń rojọ́ lé lórí kì í ṣe àbùkù omi rárá.

Ojú ọ̀nà ni ewu ti ń wọlé. Páìpù tí omi kún fọ́fọ́, tí ó sì ń fi agbára ṣàn, kì í gba ohunkóhun láti òde, nítorí pé bí ibì kan bá tilẹ̀ lu lára rẹ̀, omi ni yóò máa tú síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tí ń ti omi bá dúró, agbára yẹn á tán, ihò kan náà á sì wá máa fa ohun tí ó yí i ká wọlé, ìbáà jẹ́ omi gọ́tà, ìbáà jẹ́ ìdọ̀tí ṣáláńgá tí ó ti jò sínú ilẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kì í yọ lójoojúmọ́ mọ bí ó ṣe máa ń rí: bí omi bá fẹ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ máa fẹ́ atẹ́gùn, á tu omi pupa tí ìpẹtà wà nínú rẹ̀, kí ó tó wá mọ́ díẹ̀díẹ̀. Omi àkọ́tú yìí ni ó léwu jù, síbẹ̀ òun gan-an ni àwọn ènìyàn ń sáré gbé kẹ́ẹ̀gì sí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò tún lọ. Ìlú tí omi rẹ̀ kì í ṣàn déédéé kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi rẹ̀ mọ́, bí ó ti wù kí iléeṣẹ́ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ tó.

Ọ̀ràn páìpù kò yọ àwọn ìlú olówó sílẹ̀. Ní ìlú Flint ní Amẹ́ríkà, wọ́n yí ibi tí wọ́n ti ń fa omi padà ní 2014 láti fi dín ìnáwó kù, wọn kò sì fi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páìpù àtijọ́, òjé sì wọ inú omi tí àwọn ọmọdé ń mu.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá gbẹ, kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ń sá tọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kànga kan kò jìnnà sí ṣáláńgá, nígbà tí ó yẹ kí ó tó 30 mítà láàárín wọn. Àwọn mìíràn ń ju álọ́ọ̀mù sínú omi kànga, omi á sì mọ́ lójú gaara, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù nìkan kò pa kòkòrò. Síse títí omi yóò fi hó dáadáa ni ó ń pa á. Ewu kò sì mọ sí omi mímu nìkan: àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ìsédò Erinlẹ̀ ń wọ inú adágún lọ fọṣọ tàbí wẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 sì fi hàn pé àtọ̀sí ajá kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, àrùn tí ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, tí kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín inú omi jáde, tí ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ó dunni pé àwọn tí ó sún mọ́ orísun omi jù ni àrùn omi ń bá fínra.

Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà, tí àjọ SON (Standards Organisation of Nigeria) gbé jáde ní 2007, sọ pé kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli, tí ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, kódà ẹyọ kan nínú 100 mílílítà. Ẹnu ẹ̀rọ ni ó ti yẹ kí wọ́n máa wá a, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé ìwòsàn àti ní àdúgbò tí páìpù rẹ̀ gbó jù lọ, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ẹdẹ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ìmọ̀ tí wọn yóò fi ṣe é kò jìnnà: Ẹdẹ ni Redeemer's University wà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní 2020, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, Federal Polytechnic náà sì wà nínú ìlú kan náà.