Pẹ́ńṣàn Nígbà Tí Tọkọtaya Bá Kọ Ara Wọn ní Ìlú Ọba

Nígbà tí ọkọ àti aya nínú àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fẹ́ kọ ara wọn, ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jà lé lórí, lẹ́yìn náà ọmọ, lẹ́yìn náà mọ́tò. Ìwé pẹ́ńṣàn tí ó wà nínú àpótí, kò sí ẹni tí í bèèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìjọba fún ọdún 25, pẹ́ńṣàn rẹ̀ lè ju ohun tí ó kù nínú ilé lọ nígbà tí báńkì bá ti gba gbèsè tirẹ̀ tán. Àwa tí a fi iṣẹ́ akọ̀wé jẹun mọ̀ pé ìwé tí a kò ṣí kà ni ó máa ń náni lówó. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀ràn yìí yé ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1973 gba adájọ́ láyè láti ro ti pẹ́ńṣàn tí aya yóò pàdánù, ṣùgbọ́n kò fún un ní agbára láti gé e sí méjì. Òfin ọdún 1995 tún un ṣe díẹ̀: adájọ́ lè pàṣẹ pé nígbà tí ọkọ bá fẹ̀yìn tì, kí a máa yọ apá kan nínú pẹ́ńṣàn rẹ̀ fún aya àná. Àléébù rẹ̀ pọ̀. Aya ní láti dúró de ìgbà tí ó bá wu ọkọ láti fẹ̀yìn tì. Bí ọkọ bá kú, owó oṣooṣù náà pin. Bí aya bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ó pin bákan náà.

Òfin ọdún 1999, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, 2000, ni ó mú ìpín gan-an wá. Àwọn olùtọ́jú pẹ́ńṣàn yóò sọ iye tí ó tó lápapọ̀. Adájọ́ yóò dá iye kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kejì, ká sọ pé 40. A ó sì gé e kúrò, yóò di ti onítọ̀hún ní orúkọ ara rẹ̀. Ikú ọkọ kò kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tuntun kò bà á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ti ọkọ nìkan ni à ń gé. Aya tí ó fi òru ṣe ọ̀sán ní ilé ìwòsàn, tí pẹ́ńṣàn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọkọ lọ, ọkọ lè bèèrè nínú rẹ̀, òfin yóò sì gbọ́ tirẹ̀. Èyí lè bí obìnrin nínú, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí òfin ti rí nìyẹn.

Ìpín yìí kì í ṣe owó tí a ó kà síni lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdájọ́. A ó dúró de ọjọ́ orí tí ètò pẹ́ńṣàn náà là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wí pé, "Máa mú pẹ́ńṣàn rẹ, èmi yóò mú ilé," kí ó ṣọ́ra. £100,000 tí ó wà nínú ilé àti £100,000 tí a kọ sórí ìwé pẹ́ńṣàn kì í ṣe ohun kan náà: èkíní ṣeé tà, èkejì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ ogbó. Kí a wá ẹni tí ó mọ ìṣirò rẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Ní ti owó ogbó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san, kò ṣeé pín, àfi àwọn àfikún kan nínú rẹ̀.

Ìpàdé ẹbí kò lè gé pẹ́ńṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àdéhùn tí pásítọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àṣẹ kóòtù nìkan ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ máa ń gbọ́. Kí aya má sì ṣe kánjú gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ìkẹyìn kí àṣẹ owó tó jáde, nítorí bí ọkọ bá kú ní àárín méjèèjì, kì í ṣe opó mọ́, ìpín kò sì tíì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwọn kan wà tí ó ṣe ìdána nínú gbọ̀ngàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí a so yìgì wọn nínú ilé, tí wọn kò sì ṣe èyí tí òfin là sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó; níbi tí kò bá sì ti sí ìgbéyàwó, kò sí ìpín pẹ́ńṣàn. (Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí a ṣe nílé níhìn-ín, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀.)

Ní ti àwọn tí kóòtù Nàìjíríà tú ká, àṣẹ adájọ́ Èkó kò lè gé pẹ́ńṣàn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1984 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé fún ọdún kan gbáko kí ó tó bèèrè, bí adájọ́ bá yọ̀ǹda, láti tọ kóòtù wọn lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn fi ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ tọkọtaya kan láti Nàìjíríà, tí kóòtù Èkó ti tú ká, tí ó sì dá ìdájọ́ tí ó fún aya ní £275,000 padà. Ilé ni wọ́n jà lé lórí nígbà náà, ṣùgbọ́n òfin kan náà fún adájọ́ ní agbára lórí pẹ́ńṣàn. Ẹni tí ó bá ti fẹ́ ẹlòmíràn kí ó tó bèèrè, òfin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.