Ìtàn Ẹni Mímọ́ Lára Ògiri

Bí a bá kúrò ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín, tí a gba Yábàá kọjá dé Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, a ó bá ilé ìsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti àwọn Kátólíìkì. Ibẹ̀ ni Bruce Onobrakpeya, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Mushin kò jìnnà sí wa, ti ya ibùdó mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú sára ògiri láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ènìyàn dúdú ni àwọn tí ó yà, iṣẹ́ ara aṣọ wọn sì jọ àdìrẹ.

Ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé Jésù kì í ṣe ènìyàn dúdú, Jerúsálẹ́mù kò sì mọ àdìrẹ. Mo fẹ́ fi hàn pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí a bá wo bí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ti ya àwọn ẹni mímọ́ tiwọn.

Nínú ilé ìsìn Francis Mímọ́ ní ìlú Assisi, ní ilẹ̀ Ítálì, yàrá àdúrà kan wà tí Simone Martini ya ìtàn ayé Martin Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, sí ògiri rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1315, ní àwòrán mẹ́wàá. Kádínà Gentile da Montefiore ni owó iṣẹ́ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ayàwòrán kò sì gbàgbé rẹ̀, ó yà á síbẹ̀ níbi tí ó ti kúnlẹ̀ níwájú Martin. (Ẹni tí ó ti rí bí a ti ń kọ orúkọ olówó sára àga ìjọ ní Èkó kò ní ṣe hàà.)

Ọmọ ogun Róòmù ni Martin tẹ́lẹ̀. Ọdún 397 ni ó kú. Nínú àwòrán kan, ó fi idà gé aṣọ ìlékè rẹ̀ sí méjì fún alágbe tí òtútù ń mú. Nínú òmíràn, ó ń sùn, Jésù sì farahàn án pẹ̀lú ìlàjì aṣọ náà lára. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí ọba Róòmù ti ń sán idà mọ́ ọn ní ìbàdí, tí ìránṣẹ́ ń so irin ìgẹṣin mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, tí àwọn olórin sì ń fun fèrè. Kò sí ohun tí ó jẹ́ ti ayé Martin níbẹ̀. Aṣọ, ilé, àní ayẹyẹ náà fúnra rẹ̀, ti àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ìgbà ayé Simone ni, ó sì ti lé ní 900 ọdún tí Martin ti kú.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni mo kà á sí. Àwọn tí kò mọ̀wé wà lára àwọn tí ògiri náà ń bá sọ̀rọ̀. Aṣọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi lè mọ ọba yàtọ̀ sí ìránṣẹ́, kí wọ́n sì mọ alágbe. Ohun kan náà ni Onobrakpeya ṣe. Okùn kan tilẹ̀ so ògiri méjèèjì pọ̀: àwọn ọmọlẹ́yìn Francis ni wọ́n tan ìfọkànsìn Ọ̀nà Àgbélébùú kálẹ̀, ọdún 1731 ni Póòpù Clement Kejìlá sì fi ìdí iye ibùdó rẹ̀ múlẹ̀ ní mẹ́rìnlá.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni bí irú iṣẹ́ yìí yóò ti pẹ́ tó láàárín wa. Ìtàn Martin ti pé 700 ọdún, nítorí pé nígbà tí ẹfun àti iyanrìn tí a fi rẹ́ ògiri ṣì tutù ni a ti fi àwọ̀ sí i, tí ó fi di ara ògiri. Ní Èkó, ọ̀rinrin ń bẹ, ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó fẹ́ kí ògiri funfun de ìkórè sì ń bẹ. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àkùntún jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin tí ń kùn ún mọ ohun tí wọ́n fẹ́ mú padà. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gbé ọ̀dà wọ ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1969 Onobrakpeya gbẹ́ ìtàn mẹ́rìnlá náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ìwọ̀nyí ni wọ́n pàtẹ ní Washington ní 2024. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé inú gíláàsì kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó rìn láti ibùdó kan dé èkejì, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì dìde, bí àwọn Kátólíìkì ti ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì.