Kí ẹ tó ra kick starter tuntun, ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò

Owó ń jó lápò ọ̀pọ̀ onímọ́tò lórí àìsàn tí kò sí lára ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ kọ̀, kò sítáàtì láàárọ̀, wọ́n pe mẹkáníìkì, ìyẹn ní kick starter ló bàjẹ́, wọ́n sáré ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀, ní Mushin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ tún kọ̀. Ẹni tó ń fi takisí jẹun ti pàdánù owó iṣẹ́, owó ọjà tó rà kò sì ṣeé gbà padà mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì lásán ló rẹ̀.

Ìró ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tó ń dún ta-ta-ta-ta, tí iná iwájú dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú, bátìrì ni kí ẹ fura sí: iná inú rẹ̀ kò ká iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún, kọ̀, tí iná iwájú ọkọ̀ ṣì ń tàn dáadáa, ó lè jẹ́ kick starter lóòótọ́. Èyí tó ń yí geere àmọ́ tí kò gbaná, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ lọ yẹ epo àti pọ́lọ́ọ̀gì wò.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun funfun bí ẹfun tó máa ń hù lórí bátìrì ń dí iná lọ́nà, bí orí wáyà bá sì tú, bátìrì tuntun gan-an yóò ṣe bí òkú. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà dúdú, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ dè é padà kó le.

Mítà kékeré tí àwọn réwáyà ń lò ló kàn. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ méjì mẹ́ta ṣòwò tí kò ní in ń fi ara rẹ̀ ṣeré. Bí ọkọ̀ bá sinmi mọ́jú, bátìrì tó kún máa ń fi bíi 12.6 volt hàn, 12.2, ó ti kù bí ìdajì. Bí kò bá tó 12, ẹ gbé e lọ ṣáàjì. Lẹ́yìn tó bá kún, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ti ń wo mítà: bó bá já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 9.6, ó ti gbó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó tó 13.8 sí 14.4. Bó bá dúró sí 12, alternator ni kò gbé iná wọlé, bátìrì tuntun tí ẹ bá rà yóò sì kú bí ti àkọ́kọ́. Ibi tí owó ti ń ṣègbé jù nìyí.

Láti 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, ọ̀pọ̀ ló ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sílé. Àláàmù àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò sinmi ní tiwọn, wọ́n ń fa iná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní gbé ọkọ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó yọ wáyà dúdú yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún bátìrì tòkunbọ̀. Èyí tí wọ́n ṣáàjì láàárọ̀ lè fi 12.6 hàn lórí tábìlì, kó má sì lè yí ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ níṣojú yín, kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́: òjé inú rẹ̀ lówó lórí, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tuntun.