Ohu Ń Jẹ́, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Ju Oògùn Dókítà Nù



Ní gbàgede Tinúbú, ibi tí wọ́n fi orúkọ Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú pè, àwọn kan ń kiri ìyẹ̀fun olú òkèèrè nínú ike. Wọ́n ní ó ń wo làkúrègbé, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá yà sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dọ̀ àwọn ìyá lékuléjà, ẹ ó bá ohu tiwa nínú igbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun.

Ohu kì í ṣe àjèjì sí àwa awo. Ara igi tó ti kú ló ti ń jẹun, ó sì ń ta kókó sínú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, olú a hù lára kókó náà. B. A. Oso, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé nípa olú àti àwa Yorùbá ní 1975. Ní 1977, ó kọ nípa ohu nìkan, ó sì sọ pé àwọn oníṣègùn wa ń pò ó mọ́ èròjà mìíràn fún ẹ̀fọ́rí, inú rírun, òtútù àti ibà.

Bí ẹ̀gún bá gún wa, tàbí tí kòkòrò àìsàn wọ ara, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ a sáré débẹ̀. Ojú ibẹ̀ a pọ́n, a gbóná, a wú, a sì máa dunni. Ìjà rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá lọ tán tí wọn kò sinmi, ilé ara wọn ni wọn yóò máa bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oríṣi làkúrègbé kan ṣe ń ba oríkèé jẹ́.

Àwọn onímọ̀ rí beta-glucan nínú olú, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí máa ń dá mọ̀. Wọ́n tún rí ergothioneine, tí ara ènìyàn kò lè dá ṣe. Nínú olú tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní lingzhi, wọ́n rí triterpene, tó dín wíwú kù lára eku nínú yàrá ìwádìí. Eku kì í ṣe ènìyàn o. Ní 1985, ìjọba Jàpáàní fọwọ́ sí lentinan, tí wọ́n yọ lára olú shiitake, fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú. Abẹ́rẹ́ ni, wọ́n sì lò ó pẹ̀lú oògùn dókítà ni. Wọn kò fi rọ́pò rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì fún oṣù méjì nítorí olú inú ike. Ifá yan ẹbọ, a sì rú u, ṣùgbọ́n mo ní kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ ká ara. Olú kò lè wo irú wíwú bẹ́ẹ̀. Gbogbo wíwú kọ́ ni ọ̀kan náà, ìdí nìyí tí awo fi gbọ́dọ̀ wádìí kó tó já ewé.

Ẹ má ṣe já olú tí ẹ kò mọ̀ jẹ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ ni èébì tó bẹ̀rẹ̀. Ara a tún dà bí ẹni pé ó ti yá, ẹ̀dọ̀ sì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà kó tó fẹnu kan lingzhi. Ẹ fi ohu se ọbẹ̀, ẹ lò ó bí àwọn àgbà ṣe lò ó, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sì wà ní àyè rẹ̀.