Ṣé o mọ̀? Èèpo irú ń dí òrùlé
Èèpo èso igi tí a ti ń rí irú ni àwọn Batammaliba ní Koutammakou, lápá àríwá Tógò, fi ń gba òrùlé pẹrẹsẹ lọ́wọ́ òjò. Wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n, wọ́n á wá fi kun amọ̀ òrùlé tí wọ́n ń sá ọkà sí. Amọ̀ náà á le, omi ò ní tètè wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn!

Àwa náà ní òrùlé pẹrẹsẹ: ní Attiégou, ní Lomé, orí dẹ́kìn sìmẹ́ǹtì la ti ń sá aṣọ, tí a ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Ọ̀dà nìkan ò tó láti gba dẹ́kìn lọ́wọ́ òjò o: kí dẹ́kìn náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, síhà ojú ọ̀pá tí omi òjò ń gbà jáde.